Kí Mama tó kúrò ní wọ́ọ̀dù: ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ gbé ìyá rẹ̀ wálé ní Kubwa

Ẹnì kan kọ̀wé sí wa láti Kubwa pé àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá òun, ẹni ọdún 71, àti pé ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti wà ní ọsibítù ní Gwagwalada. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún Mama kò tíì lè ṣe nǹkan kan, ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu wọn, tíúbù imú ni oúnjẹ ń gbà wọlé, kátítà, ìyẹn ọ̀pá tí ìtọ̀ ń gbà jáde, sì wà lára wọn. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ínsúlínì ni wọ́n ń gún fún wọn báyìí. Dókítà ní àwọn á dá wọn sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àjà kejì ni ẹbí yìí ń gbé nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tọkọtaya ló ń ṣiṣẹ́, àbúrò kan sì wà ní Nyanya. Àwọn àgbà ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń sọ pé kí wọ́n kúkú máa gbé Mama bọ̀ nílé. Ìbéèrè wọn ni pé: kí ló yẹ káwọn rà, kí ló sì yẹ káwọn ṣe?

Ẹ kú aájò Mama. Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ọjà rírà sílẹ̀ ná. Bẹ́ẹ̀dì, fóòmù, pámpásì, owó ló ń rà wọ́n, ọjọ́ kan sì tó láti kó gbogbo wọn délé. Ohun tí kì í sí nílẹ̀ lọ́jọ́ tí aláìsàn bá délé ni ọwọ́ tó mọ iṣẹ́, pàápàá ọwọ́ òru. Ní wọ́ọ̀dù, bí nọ́ọ̀sì kan bá rẹ̀, òmíràn á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nílé, ẹ̀yin náà ni. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà, wákàtí méjì-méjì la ń yí i, ìgbà 12 nìyẹn láàárín ọ̀sán àti òru. Oúnjẹ tíúbù tó ìgbà márùn-ún. Ẹ tún wá fi àyẹ̀wò ṣúgà, abẹ́rẹ́, oògùn, ìtọ̀ dídànù àti ara nínù kún un. Bí Mama bá jẹun ní aago mẹ́wàá alẹ́, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jí ní aago 12, aago 2 àti aago 4 láti yí wọn padà. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún òru mẹ́ta léraléra, tó tún ń wọkọ̀ lọ sí Central Area kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, yóò sùn gbàgbé lóru kẹrin. Ibẹ̀ ni egbò ti ń bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, bébà àti bírò ni ẹ kọ́kọ́ mú. Ta ló ni òru ọjọ́ Ajé? Ta ló ni ti Ìṣẹ́gun? Ẹni tó ṣe òru kan kò gbọ́dọ̀ ṣe èyí tó tẹ̀ lé e. Bí orúkọ tó wà nílẹ̀ kò bá kárí òru méje, ẹ wá ẹni tí ẹ máa gbà síṣẹ́ báyìí, kí Mama tó délé, kí onítọ̀hún lè bá yín dé wọ́ọ̀dù. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ẹ̀yin, ìyàwó yín tàbí àbúrò yín gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ má lo ìsinmi yẹn nígbà tí Mama ṣì wà ní wọ́ọ̀dù. Ilé ni iṣẹ́ pọ̀ sí.

Ọjọ́ mélòó kan tó kù ní ọsibítù yìí, ẹ sọ ọ́ di ọjọ́ ìkọ́ṣẹ́. Ẹ bá nọ́ọ̀sì àgbà wọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀ pé ẹni méjì nínú yín, ó kéré tán, fẹ́ fi ọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́ márùn-ún lójú wọn: fífún Mama lóúnjẹ láti ojú tíúbù; yíyí wọn padà; dída ìtọ̀ nù kúrò nínú àpò kátítà àti fífọ ibi tó gbà wọlé; yíyẹ ṣúgà wò àti gígún ínsúlínì; àti gbígbé wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga. Wíwò nìkan kò tó. Ẹni tó ti wo nọ́ọ̀sì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè máà mọ ìgbà tí yóò di tíúbù pa kí afẹ́fẹ́ má bàa wọlé. Kí oníkálukú ṣe é títí nọ́ọ̀sì á fi dákẹ́ tí kò ní àtúnṣe kankan láti ṣe. Bí wọ́n bá gbà yín láyè, ẹ fi fóònù ya fídíò bí wọ́n ṣe ń yí Mama; ẹ ó nílò rẹ̀ ní aago méjì òru.

Ìbéèrè méjì wà tí ọ̀pọ̀ ẹbí kì í bi dókítà. Àkọ́kọ́ ni pé, ṣé kátítà yìí ṣì pọn dandan? Wọ́n máa ń fi í sí i nígbà tí ara aláìsàn kò tíì balẹ̀. Tó bá yá, kò ju pé kò sẹ́ni tó bèèrè ló jẹ́ kó ṣì wà níbẹ̀. Bí ó ṣe ń pẹ́ lára ni kòkòrò ń rí ọ̀nà gbà dé ilé ìtọ̀. Bí wọ́n bá lè yọ ọ́ ní wọ́ọ̀dù, kí wọ́n fi ọjọ́ kan wò bóyá Mama lè tọ̀ fúnra wọn, wàhálà pámpásì sàn ju ti kátítà lọ nílé. Bí wọ́n bá ní ó di dandan, ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n fi í wọlé sílẹ̀, bóyá látẹ́ẹ̀sì ni tàbí sílíkónì (irú rọ́bà méjì tí wọ́n fi ń ṣe kátítà), àti ọjọ́ tí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti máa ṣe é. Látẹ́ẹ̀sì kì í ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Sílíkónì lè tó ọ̀sẹ̀ 12. Ìkejì ni pé, ṣé wọ́n ti dán ọ̀fun Mama wò láìpẹ́ yìí, bóyá wọ́n lè gbé nǹkan mì? Ọ̀fun ẹlòmíì máa ń padà bọ̀ sípò láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó bá lè jẹ ẹ̀kọ tó ki láti inú ṣíbí kò gbọ́dọ̀ gbé tíúbù délé nítorí pé a kò dán an wò.

Ní ti ìwé, ẹ má kúrò láìgba àkọsílẹ̀ ìtọ́jú, fọ́tò orí tí wọ́n yà, ọjọ́ àbẹ̀wò, nọ́ńbà wọ́ọ̀dù tí ẹ lè pè, àti ìwé oògùn. Ẹ fara balẹ̀ sórí ìwé oògùn yẹn. Ẹ kó gbogbo oògùn tí Mama ń lò tẹ́lẹ̀ nílé sínú ọ̀rá kan, ẹ gbé e lọ bá dókítà tàbí oníṣègùn fáàmásì ọsibítù, kí ó mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: èyí ń bá a lọ, èyí dúró, èyí yí padà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan náà lè ní orúkọ ọ̀tọ̀ lára páálí kejì. Ẹbí á wá máa fún aláìsàn ní méjèèjì, ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀ jù, wọ́n á ní òòyì ló ń kọ́ Mama. Orúkọ tí wọ́n kọ wẹ́wẹ́ sábẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ ni kí ẹ fi wé ara wọn. Èyí tí wọ́n bá ní kó dúró, ẹ kó o kúrò nílé pátápátá. Ẹ bèèrè pẹ̀lú èwo nínú wọn ni kò ṣeé lọ̀ fún tíúbù. Oògùn tí lẹ́tà bíi SR, XL, LA tàbí EC bá wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀, wọ́n ṣe é kó máa tú díẹ̀díẹ̀ tàbí kó kọjá inú ikùn kó tó tú ni. Ẹni tó bá lọ̀ ọ́ ti ba ìyẹn jẹ́, oògùn ọjọ́ kan sì lè wọ ara lẹ́ẹ̀kan náà. Dókítà lè fi irú mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Ẹ má gbà kí ọjọ́ Ẹtì jẹ́ ọjọ́ tí Mama máa kúrò, bí ẹ bá lè yẹ̀ ẹ́. Ibi owó sísan àti fáàmásì máa ń fa iṣẹ́ dé ọ̀sán, wákàtí Jímọ́ọ̀ á dé, ẹ ó délé lálẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ á sì bá yín láìsí ẹni tí ẹ lè pè. Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú ló dára jù. Ẹ san owó tó bá kù lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí ẹ lè gbéra ní òwúrọ̀, kí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Zuba àti Dei-Dei má bàa há Mama mọ́nú ooru. Kí oúnjẹ tíúbù ti kọjá wákàtí kan ó kéré tán kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹ bèèrè ní pàtó bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ẹ ṣe ínsúlínì òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Bí Mama kò bá tíì lè jókòó láìṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọkọ̀ tí wọ́n lè dùbúlẹ̀ sí ni kí ẹ gbà, kí orí ga díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àjà kejì wá kù. Bí ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ kan bá ní yàrá nísàlẹ̀, tàbí tí bọ́ìsì kọ́tà ilé yín bá ṣófo, ẹ yá a fún oṣù méjì. Ẹ má wo ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan. Mama á tún sọ̀ kalẹ̀ lọ fún àbẹ̀wò, lọ fún físíò (ìdárayá tó ń mú apá àti ẹsẹ̀ padà bọ̀ sípò), bí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀ lóru, àkàbà yẹn ni ẹ máa kọ́kọ́ bá jà. Bí kò bá sí ọ̀nà míì, ọkùnrin mẹ́rin ni kó gbé wọn, lórí àga onígi tàbí onírin tó ní ẹ̀yìn gíga. Àga oníke tí à ń lò níbi ayẹyẹ kò dára, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣẹ́. Ẹ fi ìró di àyà àti ìbàdí Mama mọ́ àga, kí wọ́n kọjú sísàlẹ̀, kí ẹ̀yìn wọn ṣáájú gòkè, kí ẹnì kan máa pe ìṣísẹ̀. Kátítà àti àpò rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni karùn-ún tí kò gbé nǹkan míì. Kí ẹnikẹ́ni má fi apá ọ̀tún Mama fà wọ́n sókè.

Apá ọ̀tún yẹn fúnra rẹ̀ tó ọ̀rọ̀. Iṣan tó di eegun èjìká mú ti dẹ̀, ìwọ̀n apá nìkan ti tó láti fà á kúrò ní ipò. Ẹni tó bá fi abíyá gbé Mama dìde, tàbí tó fà wọ́n lọ́wọ́ láti fi wọ̀ wọ́n láṣọ, lè dá ìrora sílẹ̀ tí yóò pẹ́ fún oṣù púpọ̀, tí kò ní jẹ́ kí físíò ṣiṣẹ́. Ẹ fi pílò sábẹ́ apá yẹn nígbà tí wọ́n bá jókòó àti nígbà tí wọ́n bá sùn. Aṣọ wíwọ̀: apá tí kò lera ni kó kọ́kọ́ wọlé, òun náà ni kó jáde gbẹ̀yìn. Bí ẹ bá ń gbé wọn bọ́ sórí àga, àga gbọ́dọ̀ wà ní ọwọ́ òsì wọn, ìyẹn ibi tí agbára wà, kí orúnkún yín dí orúnkún ọ̀tún wọn kó má bàa yẹ̀.

Yàrá tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọ̀ kò dára, ẹ mọ bí Àbújá ṣe ń rí láti oṣù kejì títí òjò á fi dé. Ẹ fi àyè sílẹ̀ ní ọ̀tún àti òsì bẹ́ẹ̀dì, kí ènìyàn méjì lè dúró kojú ara wọn. Bẹ́ẹ̀dì ọsibítù tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí dára ju èyí tó ń lo iná lọ, nítorí pé NEPA kì í dágbére. Bí ẹ bá ra fóòmù onífẹ́ẹ́fẹ́, èyí tí ẹ̀rọ kékeré ń fẹ́ atẹ́gùn sí, iná rẹ̀ kò pọ̀, ínfátà lè gbé e, ṣùgbọ́n ẹ fi fóòmù líle sábẹ́ rẹ̀, torí bí iná bá lọ pẹ́, ó lè rọ kí Mama wá sùn sórí pákó láìsí ẹni tó mọ̀. Bí a ṣe ń dán an wò rèé: ẹ ki àtẹ́lẹwọ́ bọ abẹ́ fóòmù náà ní ibi ìdí Mama. Bí ẹ bá kan ara wọn tí nǹkan kan kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí láàárín, fóòmù yẹn kò ṣiṣẹ́.

Ara ni kí ẹ ṣọ́ jù. Egbò tí ìdùbúlẹ̀ ń fà máa ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí eegun ti sún mọ́ ara: òkè ìdí, ìbàdí, gìgísẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀, ìgbọ̀nwọ́, ẹ̀yìn orí. Ìwé máa ń sọ pé kí a wo ibi tó pọ́n. Lára aláwọ̀ dúdú, pípọ́n lè má hàn rárá. Ibi tó dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, tó gbóná, tó le tàbí tó rọ̀ ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ ni kí ẹ máa fi ọwọ́ wá, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, lójú iná tó mọ́lẹ̀. Bí ẹ bá rí i, ẹ má jẹ́ kí Mama sùn lé ibẹ̀ mọ́ títí yóò fi lọ, ẹ má sì ra á: sípíríìtì àti pọ́dà tí àwọn àgbà máa ń fi ra ìdí aláìsàn ń ba ohun tó wà lábẹ́ awọ jẹ́ ni. Tíúbù táyà tí wọ́n ń fẹ́ sábẹ́ ìdí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jù ú nù. Ńṣe ló ń fún ẹ̀jẹ̀ mọ́ yípo ibi tó yẹ kó gbà là.

Bí ẹ bá ń yí wọn, ẹ má fi wọ́n lé eegun ìbàdí gangan. Ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ ló tó, pílò kan lẹ́yìn, ọ̀kan láàárín orúnkún, ọ̀kan sábẹ́ ojúgun kí gìgísẹ̀ méjèèjì má kan fóòmù rárá. Ẹ ká bẹ́ẹ̀dìṣíìtì kan sí mẹ́rin, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ wọn láti èjìká dé itan, òun ni ẹni méjì á máa fi gbé wọn. Gbígbé ni o, kì í ṣe wíwọ́. Lásìkò ọyẹ́ tí awọ ń ya, òrí dára fún ibi tí kò tíì bó. Ojú egbò kì í ṣe ibi òrí, kì í ṣe ibi oyin, kì í ṣe ibi àgbo.

Oúnjẹ tíúbù. Kí ẹ tó fi nǹkan kan wọlé, ẹ wo àmì tí wọ́n fi sí ara tíúbù níbi ihò imú. Ẹ ní kí wọ́n fi bírò tí kì í parẹ́ sàmì sí i, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Bí àmì bá ti sún, bí Mama bá ń wúkọ́, bí èémí wọn bá yí padà, kò sí oúnjẹ, kò sí omi. Ẹ pe nọ́ọ̀sì. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ fi síríńjì fa díẹ̀ jáde láti ojú tíúbù, ẹ fi bébà ìdánwò pH, èyí tó ń wọn bí nǹkan ṣe kan tó, kàn án, nọ́ńbà 5.5 tàbí kó kéré sí i ló ń fi hàn pé inú ikùn ló wà. Fífẹ́ atẹ́gùn sí i kí a máa gbọ́ ohùn nínú ikùn kò dá yín lójú, torí atẹ́gùn tó wọ ẹ̀dọ̀fóró náà ń dún. Kí ẹnikẹ́ni nílé má dá tíúbù tó bọ́ padà.

Kí orí bẹ́ẹ̀dì ga tó ìwọ̀n dígírì 30 sí 45, ìyẹn ni pé kí Mama fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó, kí wọ́n sì wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ. Omi 30 ml ṣáájú, 30 ml lẹ́yìn. Oúnjẹ fúnra rẹ̀, iye tí wọ́n kọ fún yín. Ó sábà máa ń wà láàárín 200 sí 300 ml lẹ́ẹ̀kan. Ẹ yọ ọ̀pá síríńjì, ẹ da oúnjẹ sínú rẹ̀, ẹ gbé e sókè kó máa ṣàn fúnra rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 20. Ẹni tó bá ń tì í nítorí pé ó ń pẹ́ síṣẹ́ ló ń fa èébì. Ohunkóhun tí ẹ bá lọ̀ nílé, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí à ń fi sẹ́ ògì ni kó gbà kọjá, kì í ṣe asẹ́ lásán, torí èépo ẹ̀wà kan ṣoṣo lè dí tíúbù. Kúnú ìgboro kò yẹ níbẹ̀. Oògùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, kí omi díẹ̀ tẹ̀ lé e kí òmíràn tó wọlé.

Ẹ máa fọ ẹnu Mama láàárọ̀ àti lálẹ́, bí wọn kò tilẹ̀ fi ẹnu jẹun. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, orí sí ẹ̀gbẹ́. Itọ́ ẹnu tó kún fún kòkòrò tó ń ṣàn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró lóru ló ń pa ọ̀pọ̀ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, kì í ṣe rọpárọsẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ínsúlínì àti tíúbù jọ ń rìn. Kí oúnjẹ ti wà ní sẹpẹ́, kí ẹ sì ti rí i pé tíúbù wà níbi tó yẹ, kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Bí ẹ bá gún un tán tí tíúbù wá dí, ṣúgà á já. Ẹ̀rọ kan ń ka mg/dl, òmíràn ń ka mmol/l. Ẹ mọ èyí tó jẹ́ tiyín. Èyí tó bá kéré sí 70 lórí ti àkọ́kọ́, tàbí 3.9 lórí ìkejì, ti lọ sílẹ̀ jù: ẹ po ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́ta sí mẹ́rin mọ́ omi, ẹ fi í gba tíúbù, ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Bí tíúbù bá ti bọ́, tí Mama kò sì jí dáadáa, ẹ má da nǹkan kan sí wọn lẹ́nu, ọsibítù ni. Ẹ rántí pé ṣúgà tó já máa ń ṣe bí rọpárọsẹ̀ tuntun: òógùn, ìdàrúdàpọ̀, ọ̀rọ̀ tó lọ́. Nítorí náà, ìgbàkígbà tí Mama bá yí padà lójijì, ẹ̀rọ ṣúgà ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, kò gbà ju ìṣẹ́jú kan.

Ìgò ínsúlínì tí ẹ kò tíì ṣí ń fẹ́ fíríìjì, ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Èyí tó bá dì di yìnyín ti bàjẹ́. Èyí tí ẹ ti ṣí, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn lè wà níta fún ọjọ́ 28 bí yàrá kò bá gbóná ju 30 lọ, àmọ́ yàrá Kubwa ní oṣù kẹta ń kọjá bẹ́ẹ̀. Bí iná yín kò bá ṣe é gbára lé, ìkòkò amọ̀ méjì ló máa ràn yín lọ́wọ́: kékeré nínú ńlá, iyanrìn tútù láàárín wọn, aṣọ tútù lórí, nínú òjìji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Olùkọ́ kan láti Jigawa, Mohammed Bah Abba, ló sọ irú rẹ̀ di olókìkí. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló ń mú un ṣiṣẹ́, torí náà ó wúlò lọ́yẹ́ àti ní ẹ̀ẹ̀rùn, kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò nígbà òjò. Kí ìgò wà nínú ọ̀rá kí omi má bàa kàn án.

Apá òsì ni kí ẹ ti máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, láàárọ̀ kí oògùn tó wọlé àti ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìsinmi ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ó bá ga, ẹ má fi oògùn kún oògùn. Dókítà ni kí ẹ pè. Àpò ìtọ̀ kò gbọ́dọ̀ ga ju ìdí Mama lọ, kò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀, ẹ dà á nù kó tó kún. Ọṣẹ àti omi ni ẹ fi ń fọ ibẹ̀ lójoojúmọ́, láti iwájú lọ sẹ́yìn, kì í ṣe Dettol.

Ẹni tí ẹ máa gbà síṣẹ́: bí ó bá pe ara rẹ̀ ní nọ́ọ̀sì, ẹ ní kó fi ìwé àṣẹ ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí orílẹ̀-èdè hàn yín, ẹ wo ọjọ́ tí yóò parí. Nọ́ọ̀sì lè wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Olùtọ́jú lásán tó ní sùúrù, tí ẹ kọ́ níṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù, lè ṣe ìyókù. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ọ̀pọ̀ olùtọ́jú tí ẹ máa rí ní Àbújá, Hausa, Tiv tàbí Idoma ni wọ́n ń sọ, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Mama tí ọ̀rọ̀ ti ń ṣòro fún kò ní agbára láti máa wá Gẹ̀ẹ́sì kiri. Bí ẹ kò bá rí Yorùbá, ẹ kọ́ onítọ̀hún ní ọ̀rọ̀ bíi mẹ́wàá: omi, ó ń dùn mí, ìtọ̀, ooru, òtútù, ẹ yí mi, ó tó. Ẹ ya àwòrán wọn sórí páálí kí Mama lè fi ọwọ́ òsì tọ́ka sí i. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè tí wọ́n lè mi orí sí, ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dúró gba ìdáhùn. Orí Mama kò dàrú, etí wọn kò di. Ọ̀nà ọ̀rọ̀ ló dí. Ẹni tó bá ń jágbe mọ́ wọn, ẹ dá a dúró.

Àlejò máa wá, láti ṣọ́ọ̀ṣì, láti mọ́ṣáláṣí, láti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Ẹ ya wákàtí kan sọ́tọ̀ fún wọn ní ìrọ̀lẹ́. Ẹnì kan á gbé àgbo dání, ẹnì kan á ní kí ẹ jẹ́ kí Mama kàn tọ́ ẹ̀kọ gbígbóná wò. Ẹ gba àgbo, ẹ dúpẹ́, ẹ gbé e pamọ́: ínsúlínì wà lára Mama, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì náà sì lè wà níbẹ̀, a kò sì mọ ohun tí àgbo máa ṣe sí wọn. Ti ẹ̀kọ, ẹ má gbà. Oúnjẹ lè yà sí ẹ̀dọ̀fóró láìjẹ́ pé Mama wúkọ́ rárá, ọjọ́ kejì ni ibà á tó dé. Ẹ kọ ọ́ sára ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì pé kò sí ohun tó gbọ́dọ̀ wọ ẹnu.

Ohun tó ń gbé yín padà sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀: ẹnu tó tún ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́, apá òsì tó rọ, oorun tí ẹ kò lè jí wọn nínú rẹ̀, èémí tó ń sá, ibà tó dé 38, ẹsẹ̀ kan tó wú tó sì gbóná ju ìkejì lọ, ìtọ̀ tí kò wá fún wákàtí mẹ́rin nígbà tí ọ̀pá kátítà kò ká, tí Mama kò sì sùn lé e. Bí ó bá dà bí rọpárọsẹ̀ tuntun, ẹ kọ aago tí ẹ rí wọn kẹ́yìn tí ara wọn ṣì wà bó ṣe wà. Oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì ní wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ péré láti ìgbà yẹn. Nọ́ńbà pàjáwìrì ni 112, àmọ́ kí ẹ ti bá aládùúgbò kan tó ní ọkọ̀ sọ̀rọ̀ kí òru tó dé.

Ọjà tí ẹ bèèrè wá kúrú: bẹ́ẹ̀dì àti fóòmù tí a ti sọ, pílò mẹ́fà, bẹ́ẹ̀dìṣíìtì mẹ́fà, pámpásì ọ̀sẹ̀ kan péré kí ẹ lè mọ ìwọ̀n tó bá wọn mu, síríńjì oúnjẹ 50 tàbí 60 ml méjì, bébà ìdánwò, ìbọ̀wọ́ páálí kan, ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru tí à ń wé mọ́ apá, ẹ̀rọ ṣúgà pẹ̀lú bébà rẹ̀, àti àga ìgbọ̀nsẹ̀ fún ìgbà tí wọ́n bá lè jókòó. Ẹ ra dúrọ́ọ̀mù omi méjì, kí ẹ sì bá mai ruwa yín, ẹni tó ń gbé omi tà, ṣàdéhùn, torí aṣọ fífọ̀ máa pọ̀. Kẹ̀kẹ́ aláìsàn kò kánjú. Kí ẹni tó ń ṣe físíò wọn Mama, kí ẹ̀yin wọn ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, kí ẹ tó rà á.

Ti Ògbómọ̀ṣọ́, èrò wa ni pé kì í ṣe báyìí. Láti Àbújá gba Lókọ́jà dé Ìlọrin kí ẹ tó kan Ògbómọ̀ṣọ́, ọjọ́ kan gbáko ni lójú kòtò. Mama kò lè yí ara wọn, tíúbù lè sún nínú ọkọ̀, dókítà tó mọ̀ wọ́n sì wà níhìn-ín. Ẹ jẹ́ kí tíúbù àti kátítà ti kúrò, kí wọ́n lè jókòó lórí àga fún wákàtí méjì láìṣubú, kí ẹ tó tún un gbé yẹ̀ wò. Ẹ̀yin kọ́ ni kó sọ èyí fún àwọn àgbà o, wọ́n á ní ọmọ kò fẹ́ kí ìyá rẹ̀ délé. Ní ọjọ́ àbẹ̀wò, ẹ pe ẹni tó dàgbà jù nínú wọn sórí fóònù, ẹ gbé e fún dókítà. Bí àsìkò bá wá tó, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà sí ọ̀kan nínú àwọn ọsibítù ńlá tó wà níbẹ̀, ti LAUTECH tàbí ti Bowen, kí ẹ sì ti gba ọjọ́ tí wọ́n máa rí Mama kí ọkọ̀ tó gbéra ní Kubwa.